Ìrora àti Ìkọ́fẹpadà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Èjìká

Èjìká àti ohun tó ń gbé e dé iwájú oníṣẹ́ abẹ

Èjìká ni oríkèé tó lè yí jù lọ nínú ara ènìyàn. Ó ń jẹ́ kí apá lọ síwájú, kó lọ sẹ́yìn, kó gòkè, kó sì yí po. Ohun tó fún un lómìnira yìí náà ló sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Orí eegun apá tóbi, ó sì rí róbótó, ṣùgbọ́n ojú eegun tó jókòó lé kéré, kò sì jinlẹ̀, bí ọsàn tí a gbé lé ọmọrí ìkòkò kékeré. Eegun kọ́ ló ń di oríkèé yìí mú, iṣan ni. Iṣan mẹ́rin ló pagbo yí orí eegun apá ká, tí wọ́n ń fà á mọ́ àyè rẹ̀ nígbàkígbà tí ènìyàn bá gbé ọwọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, bí àpò tó bo oríkèé bá ya, tàbí bí eegun fúnra rẹ̀ bá kán tàbí tó bá jẹ, ọ̀rọ̀ lè di ti iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ ibẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì. Èkíní ni rírán iṣan tó já mọ́ eegun padà. Ernest Amory Codman, oníṣẹ́ abẹ ará Boston ní Amẹ́ríkà, kọ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1911, ó sì kó ìmọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé The Shoulder ní 1934. Èkejì ni ti èjìká tó ń yẹ̀ léraléra. Bankart, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ọ̀nà àtirán etí oríkèé tó ya ní 1923, nígbà tí Latarjet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, mú ọ̀nà mìíràn wá ní 1954, èyí tí wọ́n fi ń gé eegun kékeré kan láti fi dí iwájú oríkèé náà. Ẹ̀kẹta ni fífi irin àti ìdè to eegun tó kán. Ẹ̀kẹrin ni pípààrọ̀ oríkèé. Jules Péan ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Paris ní 1893 fún ọkùnrin tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ eegun èjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì wọ́n ní láti yọ ọ́ nítorí àkóràn. Ní 1985, Paul Grammont ní Dijon yí oríkèé àtọwọ́dá padà, ó fi róbótó sí ibi tí kòtò wà, ó sì fi kòtò sí ibi tí róbótó wà, kí iṣan ńlá orí èjìká lè gbé apá nígbà tí àwọn iṣan mẹ́rin bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ní Nàìjíríà, ìjàǹbá ọ̀kadà àti ọkọ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ èjìká tó kán dé ilé ìwòsàn. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà ní ìpín tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ bá dí, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé orí eegun apá mọ́, orí eegun náà á kú díẹ̀díẹ̀, á sì wó. Lẹ́yìn oríkèé ìdí, èjìká wà lára ibi tí èyí ti wọ́pọ̀ jù. Ilé Ìwòsàn Eegun ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìgbóbì, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń tún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ṣe. Yunifásítì Ìbàdàn náà sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dìgírì nínú físíò ní 1966. Físíò ni ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ ẹran ara àti oríkèé ní iṣẹ́ wọn padà, òun ló sì gba ìdá tó pọ̀ jù nínú ìkọ́fẹpadà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ èjìká.

Bí ìrora ṣe ń rìn, bí ìwòsàn ṣe ń rìn

Iṣẹ́ abẹ èjìká wà lára èyí tí ìrora rẹ̀ ń le jù nínú gbogbo iṣẹ́ abẹ eegun. Iṣan ìmọ̀lára pọ̀ nínú àpò tó bo oríkèé náà. Oníṣẹ́ abẹ sì sábà máa ń lu eegun níhò kó tó lè fi okùn so iṣan mọ́ ọn. Lónìí, wọ́n lè gba ojú ihò kéékèèké wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà, ṣùgbọ́n bí ojú ọgbẹ́ bá tilẹ̀ kéré, iṣẹ́ inú kò kéré. Ohun mìíràn tún ni pé èjìká kò mọ ìsinmi. Bí ènìyàn bá mí, bó bá húkọ́, bó bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, èjìká á mọ̀ ọ́n lára.

Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìrora ń le jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ó sábà máa ń dínkù débi pé paracetamol nìkan á tó. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá pé, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ ìrora lára mọ́ bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora òru lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwòsàn ní ìrìn tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí á wú, á gbóná, ara á sì máa kó ohun tó bàjẹ́ kúrò. Láti ọ̀sẹ̀ kejì títí dé nǹkan bí ìkẹfà, ẹran tuntun á hù láàárín iṣan àti eegun, ṣùgbọ́n ẹran rírọ̀ ni, okùn tí wọ́n fi rán an ló ṣì ń gbé e ró. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa le sí i fún oṣù púpọ̀. Ní oṣù kẹta pàápàá, ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun kò tí ì lágbára tó bó ṣe yẹ.

Ìrora, nígbà náà, máa ń lọ kí iṣan tó jinná. Ní ọjọ́ kẹta, ìrora ń pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé garawa omi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ara ti tu onítọ̀hún, ó ti rò pé òun ti mókun, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni gbígbé nǹkan wúwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè já ohun tí wọ́n rán. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìrora ni láti jẹ́ kí ènìyàn lè sùn, kó sì lè ṣe eré ìdárayá tó bá àsìkò mu. Àìsí ìrora kì í ṣe àmì pé èjìká ti ṣe tán, nítorí náà ìmọ̀ràn oníṣẹ́ abẹ àti ọjọ́ tó ti kọjá ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi iṣẹ́ kún ti apá.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú apá kú

Níbi tí dókítà akunnilóorun tó mọ̀ ọ́n ṣe bá wà, ìtọ́jú ìrora ń bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara. Wọ́n á fa oògùn sí ìdí àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí apá, láàárín ẹran méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Alon Winnie ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní 1970. Lónìí, ẹ̀rọ skáànù ló ń jẹ́ kí dókítà rí ibi tí ẹnu abẹ́rẹ́ dé. Apá á kú fún wákàtí 8 sí 24, gẹ́gẹ́ bí irú oògùn tí wọ́n lò. Bí wọ́n bá fi rọ́bà tín-ín-rín kan sílẹ̀ níbẹ̀, oògùn lè máa kán wọlé fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Abẹ́rẹ́ yìí ní ohun tó máa ń bá a rìn. Ìpéǹpéjú ìhà ibẹ̀ lè wálẹ̀ díẹ̀, ohùn sì lè há fún wákàtí mélòó kan. Oògùn náà tún sábà máa ń mú ìdajì iṣan tó ya àyà kúrò lára ikùn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ mímí, kú fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáṣá lè má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ikọ́ fée tó le tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn lè máa mí gúlegúle. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, dókítà lè yan iṣan ìmọ̀lára mìíràn tó jìnnà sí ọ̀nà mímí, irú èyí tó gba ẹ̀yìn èjìká kọjá.

Apá tó kú kò mọ iná, kò mọ ohun mímú. Inú síílìngì ló yẹ kó wà, kó jìnnà sí sítóòfù àti áyọ́ọ̀nù, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn lé e. Ibi tó ti ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni òru àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ náà ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, aláìsàn á jẹun alẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, á ní òun kò gbọ́ ìrora kankan, á sì sùn láìlo oògùn. Nígbà tí yóò fi di agogo kan òru, oògùn inú iṣan ti lọ, ìrora tó ti sé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìfọwọ́kàn padà ni oògùn oníhóró ti yẹ kó wà lára, kí wọ́n sì fi aago sí i láti jí lo èyí tó kàn ní òru.

Oògùn tí wọ́n ń gbé mì

Àwọn onímọ̀ tó gbé ìlànà PROSPECT jáde ní 2019 nípa ìrora lẹ́yìn rírán iṣan èjìká fi ẹnu kò lórí ètò kan: paracetamol ni ìpìlẹ̀, kí oògùn tó ń dín wíwú kù tẹ̀ lé e, kí abẹ́rẹ́ tó ń mú apá kú wà níbẹ̀, kí wọ́n fún aláìsàn ní dexamethasone nígbà iṣẹ́ abẹ, kí àwọn oògùn líle bíi tramadol àti morphine sì jẹ́ ti ìgbà tí ìrora bá kọjá ohun tí àwọn yòókù lè ká. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé oògùn kọ̀ọ̀kan ń gba ọ̀nà tirẹ̀ bá ìrora jà. Nígbà tí méjì tàbí mẹ́ta bá pawọ́ pọ̀, kò ní sí ìdí láti lo èyíkéyìí lálòjù.

Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, paracetamol jẹ́ hóró méjì 500 mg lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tí kò tó 50 kg, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, gbọ́dọ̀ lo èyí tó kéré sí i. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àsìkò ni wọ́n fi ń lò ó, wọn kì í dúró de ìrora. Ewu tó fara sin ni pé paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti ẹ̀fọ́rí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, ènìyàn lè ti lo méjì pọ̀ láìmọ̀. Ara páálí ni wọ́n ti ń ka ohun tó wà nínú oògùn.

Ibuprofen, diclofenac àti celecoxib ń dín wíwú kù, wọ́n sì lágbára fún ìrora eegun àti iṣan. Ibuprofen 400 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ni èyí tó wọ́pọ̀. Wọn kò dára fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa, ẹni tó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ìwádìí lára ẹranko ti fi hàn pé wọ́n lè fa ìwòsàn iṣan sẹ́yìn, èsì lára ènìyàn kò sì ṣe ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ abẹ kan fi ń fi ọwọ́ sí i fún ọjọ́ díẹ̀, tí ẹlòmíràn kò sì fẹ́ kí aláìsàn rẹ̀ lò ó rárá.

Tramadol, codeine àti morphine ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Wọ́n ń mú oorun kun ènìyàn, wọ́n ń fa èébì, wọ́n sì ń mú ìgbẹ́ gan, nítorí náà omi, ẹ̀fọ́ àti èso gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ ẹni tó ń lò wọ́n. Wọ́n tún lè di bárakú. Tramadol lè fa gìrì pàápàá, àgàgà bí wọ́n bá lò ó pọ̀ mọ́ àwọn oògùn ìdààmú ọkàn kan. Ní Nàìjíríà, ìjọba fòfin de ìkówọlé àti ṣíṣe oògùn ikọ́ tó ní codeine ní 2018, NAFDAC kò sì fọwọ́ sí hóró tramadol tó ju 100 mg lọ. Hóró 200 tàbí 225 mg tó ń lọ káàkiri ìgboro kì í ṣe oògùn ilé ìwòsàn. Ọjọ́ díẹ̀ ló yẹ kí èyí tí dókítà kọ fi wà lára, kò gbọdọ̀ bá ọtí tàbí oògùn oorun pàdé, ẹni tó ń lò ó kò sì gbọdọ̀ wakọ̀. Àgbo ara ríro tí wọ́n fi ọtí rẹ náà wà nínú ìkìlọ̀ yìí: ọtí inú rẹ̀ pẹ̀lú tramadol lè mú kí mímí rọ jọjọ, pẹ̀lú paracetamol ó sì lè ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe.

Bí ara bá ti ń yá, oògùn líle ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀, oògùn wíwú á tẹ̀ lé e, paracetamol á sì kẹ́yìn. Títí di ìgbà náà, ó dára kí oògùn wọlé ní ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú físíò, kí ìrora má bàa jẹ́ kí apá kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Ohun tí kì í ṣe oògùn

Òtútù ń dín wíwú àti ìrora kù ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ló tó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, pẹ̀lú aṣọ láàárín yìnyín àti awọ. Píọ́wọ́tà tó dì gbagidi nínú fíríìsà, tí wọ́n wé sínú táwẹ́lì, ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, bí ọ̀rá rẹ̀ kò bá ti jò sí ojú ọgbẹ́. Wọn kì í gbé yìnyín lé apá tó ṣì kú, torí awọ lè jóná láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kì í lò ó láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i, nítorí òtútù lè ta àrùn náà jí.

Ooru kò bá ọgbẹ́ tuntun mu. Róòbù, àbóníkì, òrí gbígbóná àti aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná gbọ́dọ̀ jìnnà síbẹ̀ títí ọgbẹ́ yóò fi jinná. Fífà àti títẹ̀ látọwọ́ àwọn tó ń to eegun léwu jù gbogbo rẹ̀ lọ. Irin, ìdè àti okùn wà nínú èjìká tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ sí, agbára tó bá fà á láìmọ ibi tí wọ́n wà lè tú ohun tí oníṣẹ́ abẹ dì.

Oorun ni ìṣòro tó pẹ́ jù. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ìgúnpá á rọ̀ sẹ́yìn, á sì fa ibi tí wọ́n rán. Ọ̀pọ̀ máa ń sùn ní ìrọ̀gbọ̀kú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà lórí àga tó ṣeé nà sẹ́yìn tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n to ìrọ̀rí mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á ki ìrọ̀rí kékeré kan sẹ́yìn ìgúnpá débi pé bí onítọ̀hún bá wolẹ̀, yóò máa rí ìgúnpá rẹ̀.

Síílìngì àti iṣẹ́ ojoojúmọ́

Síílìngì ni aṣọ tí wọ́n fi ń gbé apá kọ́rùn. Lẹ́yìn rírán iṣan, ó sábà máa ń wà lára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, lóru àti lọ́sàn-án. Nígbà mìíràn, ìrọ̀rí kan á wà láàárín apá àti ẹ̀gbẹ́ kí iṣan má bàa nà jù. Wíwẹ̀, wíwọ aṣọ àti eré ìdárayá nìkan ni wọ́n ń bọ́ ọ fún. Láti fọ abíyá, ẹni náà á tẹ̀ síwájú kí apá fúnra rẹ̀ rọ̀ kúrò lára, kò ní gbé e. Apá tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sínú aṣọ, òun náà ni wọ́n sì ń yọ kẹ́yìn. Aṣọ tó ní bọ́tìnnì níwájú ló rọrùn, nítorí bùbá tí wọ́n ń gbà láti orí wọ̀ ń béèrè kí apá méjèèjì gòkè.

Ọ̀pọ̀ ìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá ló ń di ẹrù lé èjìká, kò sì sí nínú ìwé ìtọ́ni tó ti òkè òkun wá. Wíwé gèlè àti dídi irun ń gbé ọwọ́ kọjá orí. Pípọn ọmọ ń fa apá sẹ́yìn, ó sì tún ń gbé ìwúwo lé e. Gígún iyán kò ṣeé rò fún oṣù púpọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ń fi gbogbo ìwúwo ara lé ọwọ́ méjèèjì, ẹni tó bá fẹ́ kí àgbà lè tẹríba kó sì fi ẹnu tọrọ àforíjì, àgbà tó rí síílìngì lọ́rùn rẹ̀ á gbà á. Mùsùlùmí tó ń kírun lè jókòó lórí àga, kó fi orí ṣe àmì ìforíkanlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe yọ̀ǹda fún aláìsàn. Kò sí ẹni tó yẹ kó wakọ̀ pẹ̀lú síílìngì, ọ̀pọ̀ kì í sì padà sídìí ọkọ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó pé.

Físíò: ìpele mẹ́ta

Ìpele kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Ìka, ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá ni wọ́n ń lò, kí wọ́n má bàa wú, kí wọ́n má sì gan. Wọ́n á máa fa pẹ́pẹ́ ẹ̀yìn méjèèjì súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀. Bí oníṣẹ́ abẹ bá fọwọ́ sí i, eré fífì tí wọ́n fi orúkọ Codman pè á tẹ̀ lé e. Aláìsàn á fi ọwọ́ tó le di tábìlì mú, á tẹ̀ síwájú, á jẹ́ kí apá kejì rọ̀ wálẹ̀, á wá máa mi ìbàdí kí apá náà lè máa fì. Ara ló ń mi apá, kì í ṣe iṣan èjìká. Bí ẹni náà bá ti ń fi agbára èjìká yí apá, eré náà ti kúrò ní eré fífì.

Ìpele kejì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọwọ́ tó le á máa ran èyí tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́: wọ́n á di igi gbálẹ̀ mú láti ìhà méjèèjì kí èyí tó le ti èkejì sókè, tàbí kí wọ́n fi okùn kọ́ ara ilẹ̀kùn. Ìka á máa gun ògiri díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara rẹ̀. Àsìkò yìí ni ìrora ti lọ, tí iṣan kò sì tí ì le, ìgbé ẹrù ló sì ń bà á jẹ́.

Ìpele kẹta, láti oṣù kẹta lọ, ni ti agbára. Rọ́bà fífà ló ṣáájú, nǹkan wúwo díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ alágbára àti eré ìdárayá tó le sábà máa ń dúró di oṣù kẹrin sí ìkẹfà, tàbí kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn tó pẹ́ ni ti ìgbà tó yẹ kí apá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ máa ń ní ìrọ̀rùn apá ní oṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún bá fi máa yí po, àwọn tó dúró sábà máa ń bá wọn dọ́gba. Níbi tí ojú ibi tó já bá tóbi, ìtètèbẹ̀rẹ̀ lè mú kó tún já. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi ń fún ibi kékeré láyè, tí wọ́n sì ń ní sùúrù fún ibi ńlá. Ìrora díẹ̀ lásìkò eré kò burú. Èyí tó bá ju ìwọ̀n 4 tàbí 5 nínú 10, tàbí tí kò lọ ní ọjọ́ kejì, ni àmì pé wọ́n ti ṣe é jù.

Owó ọkọ̀ àti owó físíò ń dá ọ̀pọ̀ dúró lọ́nà. Ibi tí èyí bá ti rí bẹ́ẹ̀, eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí aláìsàn mọ̀ dáadáa, tó ń ṣe nílé lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, sàn ju èyí tó pọ̀ tí kò sí ẹni tó ń ṣe é.

Iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan àti òfin rẹ̀

Ohun tó tọ́ fún ọ̀kan lè ba òmíràn jẹ́. Èjìká tó gan, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti tú, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́jọ́ kan náà, síílìngì kò gbọdọ̀ pẹ́ lára rẹ̀. Èjìká tó ń yẹ̀, tí wọ́n ti dè, kò gbọdọ̀ lọ síbi tó ti máa ń yẹ̀, ìyẹn kí apá gòkè kí ó sì yí síta bí ẹni fẹ́ ju òkò. Oríkèé tí Grammont yí padà lè yẹ̀ bí ènìyàn bá fi ọwọ́ náà sẹ́yìn láti ki aṣọ sí ṣòkòtò tàbí láti ti ara rẹ̀ dìde lórí àga. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ọwọ́ kejì ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Eegun tí wọ́n fi irin tò ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kó tó so, àwòrán X-ray ló sì ń fi hàn.

Fífá eegun tó fún iṣan pọ̀ lókè èjìká rọrùn jù, síílìngì ọjọ́ díẹ̀ ló tó. Ìwádìí CSAW tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2018 fi hàn pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ àfiṣe lásán kò tó nǹkan. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń gbé físíò ṣáájú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ.

Ohun tó ń fa ìwòsàn sẹ́yìn

Ọjọ́ orí àti ìtóbi ibi tó já ló ń pinnu jù bóyá iṣan á so. Sìgá ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kù. Àtọ̀gbẹ ń mú èjìká gan, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún àkóràn, nítorí náà wọ́n ń fẹ́ kí ṣúgà wà níwọ̀n kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ mu omi dáadáa, kí ara rẹ̀ sì móoru, ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti ń lo tramadol fún oṣù púpọ̀ ṣáájú máa ń ní ìrora tó le jù lẹ́yìn, torí oògùn náà kò ràn án mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì náà ń sọ ìrora di ńlá, ìyẹn ni ìdí tí àlàyé tó yéni ṣáájú iṣẹ́ abẹ fi wà lára ìtọ́jú. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ń fún ara ní ohun tó fi ń tún iṣan ṣe.

Àmì tí kò gbọdọ̀ dúró

Ibà, ọgbẹ́ tó ń pupa sí i tàbí tó ń yọ ọyún, àti ìrora tó ń le sí i lẹ́yìn tó ti dínkù ń tọ́ka sí àkóràn. Kòkòrò kan tó ń gbé nínú awọ èjìká àti abíyá, Cutibacterium acnes, lè fara pamọ́ fún oṣù púpọ̀ láìsí ibà, kó jẹ́ pé ìrora àti gígan nìkan ni yóò fi ara rẹ̀ hàn. Àyà dídùn, mímí gúlegúle tàbí ẹsẹ̀ tàbí apá tó wú lójijì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Apá tó ṣì kú lẹ́yìn wákàtí 48, tàbí ìka tó ń funfun tó sì ń tutù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Ọwọ́ tó ń jó bí iná, tó ń yí àwọ̀ padà, tó sì ń làágùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè jẹ́ àìsàn iṣan ìmọ̀lára tó gba ìtọ́jú kíákíá. Bí ohun kan bá dún nínú èjìká, tí apá sì ṣàdédé di aláìlágbára lẹ́yìn tó ti ń yá, ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣan ti tún já.

Ìgbà tí iṣẹ́ lè padà

Iṣẹ́ orí àga lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà pẹ̀lú ọwọ́ kan. Télọ̀, onídìrí àti olùkọ́ tó ń kọ̀wé sórí pátákó sábà máa ń nílò nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Bíríkìlà, àgbẹ̀, mẹkáníìkì àti alábàárù lè tó oṣù mẹ́fà, ẹlòmíràn a sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrora tó bá ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò dínkù yẹ ní wíwádìí: àkóràn, gígan, iṣan tó tún já, tàbí ọrùn tó ń ta ìrora sí èjìká. Gígan fúnra rẹ̀ sábà máa ń tú láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan bí eré ìdárayá kò bá dáwọ́ dúró. Nígbà mìíràn, àwòrán á fi hàn pé iṣan kò so padà tán, síbẹ̀ ìrora ti lọ, apá sì ń ṣiṣẹ́ tó dára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà nílò iṣẹ́ abẹ kejì. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń wo ohun tí apá lè ṣe, bí oorun ṣe rí àti bí ìrora ṣe kéré tó, pẹ̀lú ohun tí àwòrán ń sọ, kí wọ́n tó pinnu bóyá ìkọ́fẹpadà ti pé.